Àpò Ọdẹ Kì í Ṣe Ibi Tí À Ń Yá Ọ̀bẹ Ìdáná

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, koríko ti gbẹ, ọyẹ́ ti ń la ètè. Àsìkò yìí lọdẹ ń pọ̀ lójú ọ̀nà Ìkòyí-Ilé àti Tẹwúre, táwọn mìíràn ń gba apá Ìrèsà lọ sétí odò Ọ̀bà. Àsìkò yìí náà ni gbólóhùn kan máa ń wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ti ìgbẹ́ bọ̀ lọ́wọ́ òfo: "Mo gbàgbé nǹkan sílé ni." Ẹnìkan gbàgbé tọ́ọ̀ṣì. Ẹnìkan gbàgbé ọ̀bẹ. Ẹnìkan gun igi tó fẹ́ gẹ̀gùn sí tán, ó wá rántí pé inú ṣòkòtò tí wọ́n fọ̀ láàárọ̀ ni káàpù ìbọn wà.

Àwọn kan á ní ayé ló ṣe é. Àwọn kan á ní àgbà ti ń dé. Àwa ọdẹ tá a kọ lẹ́tà yìí ò gbà pé ọpọlọ ni ẹjọ́ náà kàn. Ohun tó wà nínú àpò kò ṣeé gbàgbé, ìgbà tó jẹ́ pé àpò ló ń gbé e. Ohun tọ́dẹ ń gbàgbé ni èyí tí wọ́n ti yọ kúrò nínú àpò láàárín ìgbẹ́ tó kọjá àti èyí tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká tọ ipasẹ̀ ọ̀bẹ wò. Ọdẹ ti ìgbẹ́ dé, ó fọ ọ̀bẹ, ó fi lé etí àwo kó lè gbẹ. Ọ̀bẹ ọdẹ mú ju ti ìdáná lọ, ẹni tó bá fẹ́ gé ẹran nínú ilé kò sì ní wo èyí tó kú mọ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fi bẹ iṣu. Lọ́jọ́ kẹta ará ilé kejì wá yá a, wọ́n fẹ́ kun adìyẹ. Nígbà tó bá máa fi di alẹ́ ọjọ́ karùn-ún tí ọdẹ ń múra, ọ̀bẹ ti di ọmọ ilé onílé. Ṣùgbọ́n lójú ọdẹ, inú àpò ló wà, nítorí inú àpò ló ti ń rí i láti ọdún yìí wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni tọ́ọ̀ṣì tó wà lórí iná nínú yàrá, torí ẹni tí kò mọ ìgbà tí iná máa dé kò lè má fi í síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni bàtà róbà tí ọmọ wọ̀ lọ sóko, àti láítà tí wọ́n fi dáná àárọ̀.

Nítorí náà, ọjọ́ tá a bá dé là ń di ẹrù ìgbẹ́, kì í ṣe ọjọ́ tá à ń lọ. Kí ọdẹ tó wẹ̀, kó tó jókòó ti oúnjẹ, kó da gbogbo ohun tó wà nínú àpò sórí ẹní. Èyí tó tutù, kó sá a. Èyí tó tán, kó sọ orúkọ rẹ̀ sókè kí ará ilé gbọ́, tàbí kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì rà á lọ́jọ́ ọjà tó sún mọ́ jù. Ọ̀bẹ tá a fọ̀, ká fi àkísà nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀, ká fi òróró díẹ̀ pa á lójú, ká tì í bọ inú àkọ̀ rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ sun orí àwo. Lẹ́yìn náà ni àpò á gun ara ògiri, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò dé. Ká sì sọ fún ilé pé ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe fún yíyá. A mọ̀ pé èyí le láti sọ fún ìyálé ilé. Ẹ ra ọ̀bẹ gidi kan fún ìdáná, ọ̀rọ̀ tán.

Ó ku àwọn nǹkan tí kò lè gbé inú àpò: fóònù, bátìrì tó wà lórí iná, ìbọn, àti ẹ̀tù tí kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibi tí iná wà rárá. Fún tọ́ọ̀ṣì àti fóònù, ọgbọ́n kan wà tí kì í tàsé: kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà ni kó sùn tì wọ́n. Ibi tí wáyà ṣáájà bá wà ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹni tó ń jí lọ ní agogo 4 ìdájí, ojú rẹ̀ lè má tíì là tán, ṣùgbọ́n ọ̀kadà kò ní gbéra láìsí kọ́kọ́rọ́. Tó bá sì dé ìdí kọ́kọ́rọ́, ó ti dé ìdí tọ́ọ̀ṣì. Fún ìbọn àti ẹ̀tù, ká so okùn pupa kan mọ́ ojú àpò. Títú ni a máa ń tú u lọ́jọ́ tí ẹrù bá pé tán. Okùn tó ṣì wà lójú àpò níwájú ilẹ̀kùn fi hàn pé nǹkan ṣì kù.

Nínú àpò ńlá náà, ó yẹ kí àpò kékeré kan wà tí a kì í tú nílé fún ohunkóhun: láítà 1 àti páálí ìṣáná 1 tá a fi ọ̀rá dì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀bẹ kékeré kejì, tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ kan pẹ̀lú bátìrì ìpààrọ̀, okùn ọ̀rá tó tó mítà 10, báńdéèjì fífẹ̀ 2, iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan, fèrè, owó díẹ̀, àti bébà tá a kọ nọ́ńbà fóònù èèyàn mẹ́ta sí. Ẹ má rẹ́rìn-ín bébà yẹn. Bí fóònù bá kú sínú igbó, kò sí ẹni tó mọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni lórí mọ́ láyé òde òní, títí kan ti ìyàwó ẹni.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí ìbọn, nítorí ibẹ̀ ni ìgbàgbé ti ń pààyàn. Ìbọn ṣakabùlà tó ń ti ẹnu gba oúnjẹ kò ní ojú tí a lè là wò bóyá ó ti yó. Ẹ̀tù ló ń kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn rẹ̀ àkísà tàbí ihá tá a fi ń dì í, lẹ́yìn rẹ̀ ọta, lẹ́yìn rẹ̀ ìdì mìíràn. Káàpù, ìyẹn idẹ kékeré bíi fìlà tí òòlù ìbọn ń gbá kí iná tó wọlé, òun ló ń gbẹ̀yìn. Ojú ìgbẹ́ ni a sì ti ń fi sí i, kì í ṣe orí ọ̀kadà. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: ọdẹ ti da ẹ̀tù sínú rẹ̀, ẹnìkan kí i, tàbí fóònù dún. Nígbà tó padà sídìí ìbọn, kò dá a lójú mọ́ bóyá òun ti da ẹ̀tù tàbí òun ò tíì dà á. Ó bá tún òmíràn dà. Irin tí alágbẹ̀dẹ fi páìpù ṣe kò mọ̀ pé ìgbàgbé ni. Ìdí rẹ̀ ló máa ń là, níbi tí ọwọ́ òsì àti ojú wà gan-an. Ẹlòmíràn á ti ọta dé àárín ọ̀nà kó tó rántí ohun mìíràn, àlàfo á wà láàárín ẹ̀tù àti ọta, irin náà á wú tàbí kó bẹ́. Ẹlòmíràn á fi ọ̀pá ìkìbọn sílẹ̀ nínú ihò, ọ̀pá náà ni yóò kọ́kọ́ jáde lọ bá ẹran tàbí ẹni tó wà lẹ́yìn ẹran.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ná ni ní kọ́bọ̀. Nígbà tí ìbọn bá ṣófo, tí kò sí káàpù lórí rẹ̀, ẹ ti ọ̀pá ìkìbọn bọ̀ ọ́ títí yóò fi kanlẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ fín àmì yí ọ̀pá náà ká níbi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Ẹ ki ìbọn náà lẹ́ẹ̀kan bó ṣe tọ́, ní ìwọ̀n tí ẹni tó rọ ọ́ fọwọ́ sí, kí ẹ tún ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́ láìdojú kọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ fín àmì kejì. Èyí yóò wà nísàlẹ̀ ti àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀pá ni yóò máa rántí fún yín. Bí àmì òkè bá kan ẹnu ìbọn, òfìfo ni. Bí àmì ìsàlẹ̀ bá kan ẹnu ìbọn, ó ti yó bó ṣe yẹ. Bí àmì ìsàlẹ̀ bá ga ju ẹnu ìbọn lọ, yálà ẹ̀tù ti di méjì tàbí ọta kò tíì jókòó, ẹ má sì yìn ín. Àmì méjì yìí ló yẹ kí gbogbo ọmọ ọdẹ ní kí wọ́n tó fi ìbọn lé e lọ́wọ́. Ó yà wá lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ìbọn tó ń kọjá níwájú alágbẹ̀dẹ kò ní in.

Ìwọ̀n ẹ̀tù náà jẹ́ ohun tó máa ń sọnù. Igi ọparun kékeré tàbí ìdérí ìgò ló sábà máa ń jẹ́, kò sì wúwo débi tí ọdẹ á fi mọ̀ pé kò sí lápò. Tí kò bá sí, ọdẹ á fi àtẹ́lẹwọ́ wọ̀n ọ́n. Àtẹ́lẹwọ́ tó tutù ń kó ẹ̀tù mọ́ra, èyí tó gbẹ ń gbọ̀n ọ́n dànù, ìwọ̀n tòní kì í bá tàná dọ́gba. Ẹ lu ihò sí ìwọ̀n náà létí, kí ẹ fi okùn awọ so ó mọ́ ọrùn àdó ẹ̀tù. Níbi tí àdó bá wà, ibẹ̀ ni yóò wà. Ẹ má sì ti inú àdó da ẹ̀tù tààrà sínú ìbọn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn. Ẹyín iná kékeré kan lè wà nínú ihò, àdó tó kún lọ́wọ́ yóò sì gbiná. Ìdí mìíràn nìyí tí ìwọ̀n fi gbọ́dọ̀ wà: ìwọ̀n kan péré ló lè jó, kì í ṣe àdó odidi.

Bí káàpù bá tán tàbí ó wà nílé, ẹ má wá arọ́pò. Àwọn kan ń gbìyànjú oríṣiríṣi, ohun tí wọ́n sì ń rí ni ìbọn tó ń dún nígbà tí kò yẹ, tàbí tó ń dún lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìbọn tó kọ̀ tí kò dún, ẹ jẹ́ kó kọjú síbi tí kò sí ẹnikẹ́ni fún ìṣẹ́jú 1, ó kéré tán, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Káàpù mẹ́wàá nínú agolo tíńtín tó ní ìdérí tó le, tó gbé inú àpò kékeré tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ débẹ̀.

Ẹni tó ń lo ìbọn ẹlẹ́nu méjì kò sí nínú èyí, ṣùgbọ́n òun náà ní tirẹ̀. Kátírìjì nọ́ńbà 12, ìyẹn ọta tí ẹ̀tù ti wà nínú rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ń lò. Bí nọ́ńbà 20, tó tín-ín-rín ju 12 lọ, bá bọ́ sínú àpò kan náà, tí ọdẹ sì fi sí ìbọn nọ́ńbà 12 nínú òkùnkùn, yóò já wọnú irin lọ, yóò há sọ́nà. Ọdẹ á rò pé òun gbàgbé láti fi sí i, á tún fi nọ́ńbà 12 tì í lẹ́yìn, á sì yìn ín. Kò sí irin tó ń gba ìyẹn. Láwọn orílẹ̀-èdè kan, ike aláwọ̀ ìyeyè bíi pupa ẹyin adìyẹ ni wọ́n fi ń ṣe nọ́ńbà 20 kó má bàa ṣeé ṣì mú, ṣùgbọ́n àwọ̀ kì í hàn lóru. Ká má ṣe kó méjèèjì sínú ilé kan náà ló dáa jù.

Iná. Àtùpà kábáìdì ṣì ní àwọn olólùfẹ́ rẹ̀, a ò sì bá wọn jà. Omi wà lókè, kábáìdì wà nísàlẹ̀, omi ń kán lé e lórí, gáàsì ń jáde, iná ń gbà á lẹ́nu ihò kan tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbàgbé nínú ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni wáyà tín-ín-rín tá a fi ń la ihò náà nígbà tí èérú bá dí i. Ẹ we wáyà yẹn mọ́ ìdí àtùpà fúnra rẹ̀, ẹ má fi sápò. Ìkejì ni róbà tó wà níbi tí ilé omi àti ilé kábáìdì ti pàdé. Bó bá já tàbí kò sí níbẹ̀, gáàsì á máa jáde ní ẹ̀gbẹ́, iná á sì gbà níbẹ̀, nítòsí irun orí. Ìkẹta ni agolo gbígbẹ tó dé pinpin fún kábáìdì tó kù. Ọ̀rinlẹ̀ tó bá wọ inú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ kí ẹ tó dé igbó. Èyí tó ti ṣiṣẹ́ tán, tó di ẹ̀fun funfun, ẹ má dé e mọ́ agolo, ó ṣì lè máa yọ gáàsì. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ kí ẹ bò ó níbi tí ajá àti màlúù kò ní lá a. Bí omi bá tán pátápátá, ìtọ̀ ń ṣe é. Ó ń rùn o, ṣùgbọ́n iná á tàn.

Tọ́ọ̀ṣì orí onílẹ́ẹ̀dì kò ní gbogbo ìyọnu yìí, ṣùgbọ́n ó ní àrùn kan: ó máa ń tan ara rẹ̀ nínú àpò. Ọ̀bẹ tẹ bọ́tìnì rẹ̀ lórí ọ̀kadà, nígbà tí wọ́n bá fi dé igbó bátìrì ti jẹ ara rẹ̀ tán, olówó rẹ̀ á ní òun gbàgbé láti gba iná sí i. Bó bá jẹ́ oníbátìrì kéékèèké, ẹ yí ọ̀kan padà sẹ́yìn nínú ilé rẹ̀ títí ẹ ó fi débẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tí ìdí rẹ̀ ń yí, ẹ yí i sílẹ̀ díẹ̀. Tàbí kẹ́ ẹ fi bébà pélébé kan há àárín bátìrì àti irin rẹ̀.

Ẹ fọkàn sí eléyìí: iná tó ti ń kú léwu ju àìní iná lọ. Ojú ẹran máa ń dá iná padà, ìdí nìyẹn tó fi ń tàn lókèèrè. Ojú èèyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn kan sì ti fi ìyẹn ṣe òfin pé ohun tí ojú rẹ̀ bá ti tàn, ẹran ìgbẹ́ ni. Ewúrẹ́ ń kọ́, màlúù ń kọ́? Ojú gbogbo wọn ń tàn. Ojú ajá ọdẹ ẹlẹgbẹ́ ẹni náà ń tàn, ẹni tó ni ajá sì sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Iná tó lágbára á fi ojú hàn, á fi orí hàn, á fi èjìká hàn. Iná tó rẹ̀ á fi ojú méjì nìkan hàn, ọdẹ á sì fi ọkàn parí ìyókù. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ ti rẹ̀, tí kò ní ìpààrọ̀, ìbọn rẹ̀ ti di ọ̀pá ìtilẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Fún ìgbẹ́ tí a jọ ń lọ ní ọ̀sán, ẹ fi aṣọ pupa fòò kan, ìbú ìka mẹ́rin, yí fìlà ká. Àgbọ̀nrín, ìgalà àti èsúró kì í rí pupa bá a ṣe ń rí i, lójú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí koríko. Àparò àti awó ń rí i dáadáa ní tiwọn, nítorí náà ẹni tó ń lọ dẹ ẹyẹ á jókòó jẹ́ẹ́. Ajá tó ń lọ láìsí ṣaworo lọ́rùn, ẹni tó wà lódì kejì igbó kò ní mọ̀ pé ajá ló ń mi koríko.

Omi: lítà 4 fún èèyàn kan lójúmọ́ nínú ooru yìí, ìyẹn omi inú ọ̀rá 8. Odò tó kún lóṣù kẹsàn-án lè ti di yanrìn báyìí, ẹ má gbára lé e. Ara omi yìí la ó ti fọ ojú bí sèbé bá tu oró síni lójú. A ó máa da á lé ojú náà fún ìṣẹ́jú 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe ká fi ewé ra á. Bàtà róbà tó gùn dé abẹ́ orúnkún kì í ṣe fún òjò nìkan, nítorí ẹsẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀ ni paramọ́lẹ̀ sábà máa ń bù jẹ. Ẹni tó gbàgbé bàtà yìí sílé, tó wọ sìlípáàsì dé igbó, ẹ jẹ́ kó dúró ti ọ̀kadà. Bí ejò bá bu ẹnìkan jẹ, ẹ wo agogo, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bọ́ òrùka ẹsẹ̀ àti bàtà, ẹ fi igi méjì àti báńdéèjì di ẹsẹ̀ náà bí ẹni ń di egungun tó ṣẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn láìjẹ́ kó rìn. Ẹ má gé e, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má so ó pinpin. Ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ ń kú ni. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ tó gbẹ, kí wọ́n gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Bí kò bá dì, oró irú ti paramọ́lẹ̀ ti wà lára, abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò ló kù. Báńdéèjì 2 inú àpò kékeré ló ń ṣiṣẹ́ yìí, ìyẹn ni kò fi yẹ kí wọ́n yọ ọ́ di ọgbẹ́ ọmọ.

Ìwé àṣẹ ìbọn ń gbé inú ọ̀rá lápò àyà, kò ní ibòmíràn. Ẹni tó ń lọ sí apá òkè ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, kó mọ̀ pé Ọgbà Ẹranko Orílẹ̀-èdè ti Ọ̀yọ́-Ilé wà níbẹ̀, èyí tí ìjọba àpapọ̀ sọ di bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1991, tó fẹ̀ ju kìlómítà 2,500 níbùú lóròó. Kì í ṣe ẹran pípa nìkan ni òfin kọ̀ nínú rẹ̀, gbígbé ìbọn wọ ibẹ̀ láìgbàṣẹ ti tó ẹ̀ṣẹ̀. Máàpù tó wà nínú fóònù máa ń fi ibi tá a wà hàn láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bí a bá ti gbà á sílẹ̀ látilé. Fóònù tá a gbàgbé lórí iná lè tipa bẹ́ẹ̀ sọ ọdẹ di arúfin láìmọ̀.

Ibi tó yẹ ká ti yẹ ẹrù wò kẹ́yìn ni ibi tí ọ̀nà ọ̀kadà bá parí sí, nígbà tí ilé ò tíì jìnnà jù láti padà. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má bi ara yín ní ìbéèrè, nítorí bẹ́ ẹ bá ní "Ṣé o mú ọ̀bẹ?", gbogbo èèyàn ló máa ní "Bẹ́ẹ̀ ni." Ẹ fọwọ́ kàn án, láti òkè wá sílẹ̀. Orí: iná, kó tàn, kó kú. Ọrùn: fèrè. Àyà: ìwé. Èjìká: ìbọn, ọ̀pá ìkìbọn, àmì rẹ̀. Ìbàdí: ọ̀bẹ, àdó, ìwọ̀n. Ẹ̀yìn: omi. Ẹsẹ̀: bàtà. Ara èèyàn kì í gbàgbé bó ṣe tò láti orí dé ẹsẹ̀, òun la fi ń ṣe ìwé. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Bí nǹkan bá kù, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ là ń padà sí. Ìtàkùn á rọ́pò okùn, ewé á rọ́pò ọ̀rá, yíyan ẹran á rọ́pò iyọ̀. Àdá á ṣe iṣẹ́ ọ̀bẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ṣe é dáadáa. Ẹran tá a bá pa nínú ooru, ká tètè yọ ìfun rẹ̀, nítorí ikùn tó bá wú ti ń ba itan jẹ́. Ṣùgbọ́n iná kejì, omi, bàtà, ìwọ̀n ẹ̀tù àti ọ̀pá ìkìbọn kò ní arọ́pò. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kù, ẹni náà ń padà nìyẹn, tàbí kó dúró ti ẹrù.

Ìdí tí a fi kọ èyí sínú ìwé ìròyìn dípò ká sọ ọ́ nípàdé ni pé a gbọ́ pé àwọn ẹgbẹ́ ọdẹ kan fẹ́ máa gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá gbàgbé nǹkan. A bẹ àwọn Olúọdẹ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Owó ìtanràn kò ní jẹ́ kó rántí, kàkà bẹ́ẹ̀ yóò kọ́ ọ láti máa fi pamọ́. Ọmọ ọdẹ tó mọ̀ pé òun á san owó, tí wọ́n á sì fi òun ṣẹ̀fẹ̀ nínú ìjálá, kò ní sọ pé bátìrì òun ti kú. Yóò kàn máa tẹ̀ lé iná ẹni tó wà níwájú, títí igbó á fi yà wọ́n. Ìlú tí ọdẹ tẹ̀ dó ni Ògbómọ̀ṣọ́, ọdẹ ni Ṣọ̀ún Ogúnlọlá fúnra rẹ̀. Kò yẹ kójú máa ti ẹnikẹ́ni láàárín wa láti sọ pé ohun báyìí kò sí lápò òun. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ náwó, kí wọ́n ra tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ mẹ́ta àti bàtà róbà oríṣi ìwọ̀n méjì sílé Olúọdẹ, kí ẹni tí tirẹ̀ bá kù máa yá a, kó sì dá a padà láàárọ̀.

Ó ku bébà kan tí kì í lọ sígbó rárá. Ilé ló ń dúró sí, lọ́wọ́ ìyàwó tàbí ọmọ tó ti mọ̀wé kà: ojú ọ̀nà tá a gbà, ibi tí ọ̀kadà máa wà, orúkọ àwọn tá a jọ lọ, àti agogo tí wọ́n gbọ́dọ̀ wá wa bí a ò bá tíì dé. Kí wọ́n kọ agogo yẹn ní nọ́ńbà gidi, bíi agogo 10 àárọ̀. Ẹni tó kọ "àárọ̀ ọ̀la" nìkan, ilé á ṣì máa retí rẹ̀ títí di ọ̀sán.

Àwa ni tiyín,
Àwọn ọdẹ kan láti Ògbómọ̀ṣọ́.